Ẹ̀kán Omi Kan Láti Inú Àmù Sàráà

Níwájú ilé tí mo ń gbé ní Mushin, àmù ńlá kan wà lábẹ́ páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ìyá onílé wa ló gbé e síbẹ̀ lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ jáde láyé, kí ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ bá ń gbẹ lè bu omi mu lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ̀san rẹ̀ sì máa dé bá olóògbé níbi tó wà. Sàráà ni. Àlájà ni gbogbo wa ń pe ìyá náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ òsì ń dùn ún, síbẹ̀ n kò rí òwúrọ̀ kan tó fo iṣẹ́ àmù yẹn dá. Bó bá ti kírun àsùbá tán, á fa omi nínú kànga ẹ̀yìnkùlé, á dà á sínú garawa, á ju álọ́ọ̀mù sí i, á rò ó, á sì jókòó tì í títí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ sínú àmù. Bí ẹ bá bu omi náà sínú ife, ẹ ó rí ìlà tó wà nídìí ife kedere.

Fọ́kanáísà tó ń lẹ táyà lódìkejì títì ń mu níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé kéwú ń mu. Àwọn tó ń ru ẹrù kọjá ń sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ń mu, wọ́n ń ṣàdúrà fún ẹni tí wọn kò rí rí. Àwa ayálégbé náà ń mu. Ife tèmi wà lórí ìṣó lára ògiri, pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Òfin kan ṣoṣo ló de àmù náà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ha inú rẹ̀. Ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ ti bo inú rẹ̀ láti ọrùn lọ sísàlẹ̀. Aṣọ àmù ni Àlájà ń pè é. Ó ní ọkọ òun ló sọ fún òun nígbà ayé rẹ̀ pé irú aṣọ yẹn ló ń mú omi tutù, pé àmù tí wọ́n bá ha ti di ìkòkò lásán. Mo gbà á gbọ́. Ta ni ìbá bá a jiyàn? Omi náà tutù ní tòótọ́.

Télọ̀ ni mí. Ilé ìwé girama ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, mo sì fi í sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Yaba, kí n lè jókòó ṣe ìdánwò tí mo fi sílẹ̀. Èèyàn tí kì í kánjú ni mí. Iṣẹ́ télọ̀ ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀: ẹ wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gé e, torí aṣọ tí àlùmọ́gàjí bá ti là kọjá, ẹ kò lè bẹ̀ ẹ́ kó padà.

Lọ́jọ́bọ̀ ni a máa ń ṣe ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Yàrá náà wà lórí ṣọ́ọ̀bù kan, ibi tí a ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ìrìnàjò ní Jíbówú. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ wa kò ju àbúrò mi tó kéré jù lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń kọ́ wa nírọ̀lẹ́. Àwa ń pè é ní Àǹtí torí pé olùkọ́ ni, òun náà ń pe gbogbo wa ní Ẹ̀gbọ́n torí pé àgbà ni wá. Máíkírósíkópù kan ṣoṣo ló ní, awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá. Bí iná bá ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń tàn án láti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó fi awò náà ṣe, àlùbọ́sà ni. Ó bó awọ tín-ín-rín kan láti àárín ìpele méjì, ó fi lélẹ̀ lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó kán omi sí i, ó fi gíláàsì kékeré dé e, ó sì ní kí kálukú ṣe tirẹ̀. Ó ní ohunkóhun tó bá ní ẹ̀mí, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Nígbà tó kàn mí, mo rí àwọn òbìrí rogodo tí etí wọn dúdú nípọn. Mo kà wọ́n. Mo fi rúlà wọn ìbú wọn lórí ìwé, mo yà wọ́n, mo sì kọ orúkọ sí wọn lára.

Àǹtí wo inú awò, ó wo ìwé mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Afẹ́fẹ́ lẹ yà yìí."

"Afẹ́fẹ́ bí i ti báwo?"

"Ẹ kò rọra dé e. Afẹ́fẹ́ ló há sábẹ́ gíláàsì kékeré yẹn."

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kó ẹja dídì ní Ijora ló jókòó tì mí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. "Télọ̀ rán aṣọ fún afẹ́fẹ́! Ó tiẹ̀ wọn ìbàdí rẹ̀!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Àǹtí bá mi tún un ṣe. Ó kán áyódìnì, oògùn egbò pupa rúsúrúsú, sí i, mo sì wá rí àwọn sẹ́ẹ̀lì gan-an, gígùn gígùn, tí wọ́n tò ti ara wọn, kókó kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí irúgbìn nínú èso. Ó ṣàlàyé pé kókó yẹn ló mú àṣẹ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe máa gbé ayé rẹ̀ dání, pé awọ kan wà láyìíká tó ń yan ohun tí yóò wọlé àti ohun tí yóò jáde. Ewéko tún ní ògiri lẹ́yìn awọ náà. Àwa èèyàn kò ní in. Ó ní àwọn ẹ̀dá kan wà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kan péré ni gbogbo ara wọn: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pín sí méjì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pọ̀ sí i. Mo ronú sí yàrá kan ṣoṣo tí mo ń gbé, tó jẹ́ ibùsùn, tó jẹ́ ilé ìdáná, tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì sì tún wà níbẹ̀. Àánú àwọn ẹ̀dá náà ṣe mí kí n tó rí wọn.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti fi òfin de ara mi. Ohun tí mo bá rí lábẹ́ awò, n kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí n ó fi rí i lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. N kò fẹ́ yan afẹ́fẹ́ lóyè mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àǹtí ní kí olúkúlùkù gbé omi wá láti àdúgbò rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ijora gbé omi gọ́tà wá nínú ìgò, ó dì í pọ̀ bí ẹ̀bùn. Èmi bu omi àmù Àlájà. Mo ronú sí i dáadáa kí n tó bù ú: mo fẹ́ kí kíláàsì ní omi mímọ́ kan tí a ó fi wé ti àwọn yòókù.

Mo rọra dé gíláàsì kékeré náà. Afẹ́fẹ́ kankan kò há. Mo fojú sí awò, n kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ohun kan kọjá. Ó rí bí àtẹ́lẹ̀ bàtà, irun wẹ́wẹ́ yí i ká, ó sì fi irun náà wa ara rẹ̀ lọ. Ó kọlu fọ́nrán aláwọ̀ ewé kan, ó fẹ̀yìn rìn, ó yí díẹ̀, ó tún gba ibòmíràn lọ, bí àlejò tó ń wá ilẹ̀kùn nínú ilé tí kò wọ̀ rí. Òmíràn dúró lórí ọ̀pá tín-ín-rín bí agogo. Bí mo bá fọwọ́ kan tábìlì, á ká kò wẹ́rẹ́, á tún na ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárín wọn, àwọn ohun kan wà tí kò ju ààmì ohùn lórí ìwé lọ, tí wọ́n ń gbọ̀n.

Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tí Àǹtí wò ó tán ni ọkàn mi tó bọ́ sínú omi náà.

"Àwọn ńlá yìí kì í sábà ṣe èèyàn ní nǹkan," ó ní. "Ṣùgbọ́n àwọn bakitéríà wẹ́wẹ́ yẹn ni oúnjẹ wọn. Ibi tí màlúù bá ti sanra, koríko wà níbẹ̀. Awò tiwa yìí kò sì lè sọ èyí tó ní àrùn nínú koríko náà àti èyí tí kò ní. Níbo lẹ ti bù ú?"

"Nílé wa."

"Ṣé ẹ̀ ń mu ún ni?"

"Rárá o. Ìwẹ̀ la fi ń wẹ̀."

Bí mo ṣe purọ́ nìyẹn. Ojú ń tì mí nítorí ẹlòmíràn, ẹni tí kò sì sí níbẹ̀. Àǹtí ní ó dáa, pé bí ẹnikẹ́ni bá máa mu ún, kí wọ́n sè é kó hó dáadáa. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo tẹ̀lé òfin mi. Lọ́jọ́bọ̀ kejì, mo fi omi gbígbóná fọ ìgò mi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé inú ìgò ni àwọn ẹ̀dá náà ti wá. Wọ́n wà níbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ kẹta, mo bu omi méjì: ọ̀kan láti inú garawa kí Àlájà tó dà á sínú àmù, ọ̀kan láti inú àmù fúnra rẹ̀. N kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ohun kan nínú ti garawa. Ti àmù kún fún wọn. Mo wá mọ̀ pé aṣọ àmù ni ilé wọn, òun náà ni oko wọn.

Ní gbogbo àkókò náà, n kò mu omi àmù. Omi inú ọ̀rá ni mò ń rà, mò ń mu ún nínú yàrá, mò ń ká ọ̀rá rẹ̀ sápò kí n tó jáde. Mò ń rí fọ́kanáísà tó ń da ife kan sọ́fun ní àràárọ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dá mi lójú. Nígbà tó wá dá mi lójú, mo ní ó ku kí n wá ọ̀nà tí n ó gbà sọ ọ́.

Àlájà kò dúró dè mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, bí mo ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó pè mí láti orí àga rẹ̀.

"Télọ̀, wá jókòó. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ kò ṣẹ̀ mí, Ìyá."

"Ife rẹ ti ń kó eruku lórí ìṣó. Ṣé o rò pé mi ò rí ọ̀rá omi tó ń yọrí lápò rẹ ni? Ṣé wọ́n ní kí ẹ má mu omi sàráà mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ni? Sọ ọ́. Mi ò ní bínú. Ọdún mọ́kànlá lo ti ń mu ún, mo kàn fẹ́ mọ ohun tó yí padà."

Bí ó bá bú mi, ìbá sàn. Mo wọlé, mo gbé ìwé mi jáde, mo ṣí i síwájú rẹ̀. Ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́.

"Kí lèyí? Bàtà?"

"Ẹ̀dá ni, Ìyá. Inú omi àmù ló ń gbé." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti orí garawa dé orí aṣọ àmù. N kò fi èyí tí Àǹtí sọ nípa màlúù àti koríko pamọ́.

"Ìgbà wo lo kọ́kọ́ rí i?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lónìí."

"O wá ń wo àwọn èèyàn tó ń mu ún."

"Mo fẹ́ kó dá mi lójú ni, mà."

"Bó bá ṣe pé ejò lo rí nínú àmù, ṣé wàá dúró kí o rí i lẹ́ẹ̀mẹta?"

Ó ti ìwé náà padà sí mi. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ló ń bá wí mọ́. "Orúkọ ọkọ mi ni mo fi ń pín in. Gbogbo ife tí wọ́n mu, mo ní kí Ọlọ́run kọ ọ́ fún un. Tó bá wá jẹ́ àìsàn ni mò ń bù fún wọn ńkọ́? Ṣé ẹrù ni mo ti ń dì lé e lórí láti ọjọ́ yìí?"

Ó dìde, ó gbé ọpọ́n bo ẹnu àmù, ó sì ká gbogbo ife kúrò lórí ìṣó. Ọjọ́ márùn-ún ni ọpọ́n náà wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń dúró, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń kọjá lọ. Àlájà kì í jáde síta láti bá wọn sọ̀rọ̀. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, àfi lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ti wọṣọ kí n tó dé láti ṣọ́ọ̀bù. "Mú mi lọ síbi awò yẹn. Ẹnu rẹ nìkan ni mo gbọ́."

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kíláàsì náà ga. Ó ń gun ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgò omi àmù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbà kí n bá òun gbé e. Bí a ṣe wọlé ni Ọ̀gbẹ́ni Ijora fò dìde.

"Ìyá wa, ẹ jókòó síwájú. Àwa tí a máa ń gba òdo la ni ẹ̀yìn."

"Wàá yege, ọmọ mi. Ẹnu rẹ pọ̀ tó."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo fa Àǹtí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa nípa ìwẹ̀. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó lọ kán omi Àlájà sórí gíláàsì, ó tún ojú awò ṣe, ó sì di ìyá náà léjìká mú kó lè tẹ̀ sí i.

"Òkùnkùn ni mo rí," Àlájà wí.

"Ojú kejì ni kí ẹ fi wò ó, mà."

"Èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nìyẹn."

"Òun gan-an ló mọ́ jù. Ẹ fi wò ó."

A dúró. Ìgbà tó yá ni ọwọ́ rẹ̀ di etí tábìlì mú. "Súbùhánálláhì! Ó ń rìn." Kò gbójú sókè. "Ó sáré dé etí, ó tún ń padà bọ̀. Ṣé ó mọ̀ pé mò ń wo òun?"

"Kò lójú, Ìyá. Kò sì ní ọpọlọ."

"Ta ló wá ń fọ̀nà hàn án?"

Àǹtí ro èsì rẹ̀. "Ara rẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá kọlu nǹkan, á yà."

Àlájà wò ó títí, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Kó tó kúrò nídìí awò ló béèrè ohun tó torí rẹ̀ wá. "Tíṣà, má ṣàánú mi o. Ṣé omi yìí ti ṣe ẹnì kan léṣe?"

"Mi ò lè sọ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Mi ò sì lè sọ pé kò ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí ẹ lè ṣe láti òní lọ." Ó ṣàlàyé fún un pé álọ́ọ̀mù ń mú ẹrẹ̀ rọlẹ̀ ni, kì í pa ohun ẹlẹ́mìí tán, pé kí a ha inú àmù náà, kí a fi omi híhó ṣàn án, kí omi tí a ó dà sí i hó kó tó tutù, kí ìgbakọ ọlọ́wọ́ gígùn kan wà tí a ó fi máa bù ú, kí ọwọ́ àti ife ẹnikẹ́ni má wọnú rẹ̀ mọ́.

"Bí a bá ha aṣọ rẹ̀, ṣé á ṣì tutù?"

"Amọ̀ ló ń mú un tutù, mà. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, òun ló ń fa ooru jáde."

"Bàbá wọn ṣe àṣìṣe nígbà yẹn," ó wí jẹ́jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọkọ rẹ̀.

Èmi ni mo ha àmù náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú kànrìnkàn àti omi híhó, títí amọ̀ pupa fi jáde. Èmi náà ni mo dúró ti ìkòkò lórí iná. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí títì kún, Àlájà ṣí ọpọ́n kúrò. Fọ́kanáísà ló kọ́kọ́ dé, àwọn bíi mẹ́fà tẹ̀ lé e, ìyá ọlọ́mọ kan tó ń gbé lójúlé kẹta wà nínú wọn. Àlájà na ọwọ́ dá wọn dúró.

"Mo ní ọ̀rọ̀. Omi tí mo ti ń fún yín tẹ́lẹ̀ kò mọ́ bí mo ṣe rò. Àwọn ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Mi ò mọ̀. Ẹ forí jì mí, ẹ sì forí ji ọkọ mi."

"Àlájà, ẹ̀yin náà!" Fọ́kanáísà fọwọ́ gbá ikùn. "Omi yín ni mo mu tí mo fi yọkùn báyìí. Àwọn nǹkan ọ̀hún ti di ẹbí mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá ọlọ́mọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sọ́tùn-ún. "Inú run ọmọ yìí lóṣù tó kọjá," ó ní. "Mi ò sọ pé omi yín ni o, Àlájà. Ó lè jẹ́ ohun mìíràn. Mo ti forí jì yín. Mo forí ji Bàbá náà."

Omi lé sójú Àlájà. Ó ní "Àmín" bíi ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó wá yíjú sí mi, kò pè mí, mo sì mọ̀ pé ó kàn mí.

"Èmi mọ̀," mo wí. "Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fi mọ̀, tí mo sì dákẹ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú fọ́kanáísà. "Ìwọ télọ̀. Ò ń rí mi láràárọ̀ tí mò ń mu ún?"

"Mò ń rí yín."

"O tiẹ̀ ń kí mi 'ẹ kú iṣẹ́'."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ forí jì mí."

Fọ́kanáísà gba ìgbakọ lọ́wọ́ Àlájà, ó bu omi sínú ife, ó mu ún, ó sì sọdá lọ sídìí táyà rẹ̀. Ó tó oṣù kan kó tó tún bá mi ṣeré. Ìyá ọlọ́mọ ló kù lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó bu omi sínú ife, ó gbé e dé ẹnu ọmọ rẹ̀, ó sì dúró. Kì í ṣe Àlájà ló wò. Èmi ló wò.

"Ṣé kí n fún un?"

"Ẹ fún un," mo ní. "Ó hó dáadáa. Mo dúró tì í."

Ọmọ náà mu ún tán, ó sì na ife síwájú pé òun tún fẹ́.